Kóòtù Bíi Ti Ayé Àtijọ́: Níbi Tí Ó Ti Ń Há àti Níbi Tí Ó Ti Ń Já

Bí ẹ bá fẹ́ rán kóòtù onídìí gbòòrò bíi ti àwọn ọdún 1950, ẹ má gbára lé nọ́ńbà ìwọ̀n tó wà lára àpò pátánì (bébà tí a fi ń gé aṣọ): 14 ìgbà náà kéré sí 14 òde òní. Òkè àyà, lábẹ́ abíyá, ni kí ẹ fi téèpù wọ̀n láti mú pátánì, kí ẹ tó wá fẹ ibi ọmú. Bí ẹ bá fi ibi tí ọmú ti yọ jù mú un, èjìká á já wálẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ funfun olówó pọ́ọ́kú rán an wò, kí ẹ wọ̀ ọ́ lé súwẹ́tà. Àyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi bí ínǹṣì 4 sí 5 ju ti ara lọ.

Bí ọwọ́ kò bá ṣeé gbé sókè, ọ̀pọ̀ télọ̀ a sáré gé ihò apá sí i. Àṣìṣe gbáà! Ihò tó jìn jù ló ń fa odindi kóòtù sókè. Ẹ gbé ìsàlẹ̀ ihò náà sókè ní ìdajì ínǹṣì, kí ẹ sì fi iye kan náà kún abẹ́ apá aṣọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló há nígbà tí ẹ bá nawọ́ síwájú, ẹ fi ìdajì ínǹṣì kún un lọ́tùn-ún lósì.

Wúlù máa ń sún kì. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù olóoru omi tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó gé e.