Bí a ṣe ń pààrọ̀ ṣéènì táímíìnì ẹ́ńjìnnì fúnra ẹni nílé

Bí ẹ bá ṣíná ọkọ̀ láàárọ̀, tí iwájú ẹ́ńjìnnì ń dún kàràkàrà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó dákẹ́, ẹ má tíì sáré ra ohunkóhun. Ẹ fa gééjì ọ́ìlì yọ ná. Ọ́ìlì tó lọ sílẹ̀ nìkan lè fa ariwo yẹn, torí pé lórí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, agbára ọ́ìlì ló ń ti tensioner tó ń mú ṣéènì le. Bí ọ́ìlì bá pé, tó sì mọ́, tí ariwo ò lọ, tàbí tí iná ẹ́ńjìnnì tàn tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò sì gbé nọ́ńbà P0016 tàbí P0017 jáde, a jẹ́ pé crankshaft (ọ̀pá ìsàlẹ̀ tí písítìnnì ń yí) àti camshaft (ọ̀pá òkè tó ń ṣí fáàfù), tí ṣéènì yìí so pọ̀, ò bára wọn mu mọ́. Sẹ́ńsọ̀ tàbí fáàfù tó ń darí camshaft lè fa nọ́ńbà yìí náà, ṣùgbọ́n bí ariwo bá wà pẹ̀lú rẹ̀, ṣéènì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ni kí ẹ rà: ṣéènì, guide (ọ̀nà tí ṣéènì ń gbà rìn), tensioner, jíà ìsàlẹ̀ àti tòkè, ọ́ìlì síìlì iwájú crankshaft. Àwọn kan á ní ṣéènì nìkan ló fà, àwọn yòókù ṣì dára. Ẹ wo jíà àtijọ́ dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí i pé eyín rẹ̀ ti ṣómúṣómú, ó ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ẹ bá gbé ṣéènì tuntun lé irú eyín bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ tó fi máa fà. Guide ni tèmi kò gba ìgbọ̀jẹ̀gẹ́ lórí rẹ̀ rárá. Ike ni ojú rẹ̀, ike náà a máa gbẹ, a máa sán, a sì máa já bọ́ sínú àwo ọ́ìlì nísàlẹ̀.

Ẹ wá ìwé àtúnṣe ẹ́ńjìnnì yín gan-an, kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì tó jọ ọ́. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí bí àmì ara jíà ṣe tò àti bí bọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan ṣe gbọ́dọ̀ le tó. Ní ti irinṣẹ́, torque wrench (sípánà tó ń wọn bí bọ́ọ̀tù ṣe le tó) àti ọ̀pá sọ́kẹ́ẹ̀tì gígùn ni kí ẹ náwó lé. Ìyókù ṣeé dá ọgbọ́n sí: píìnì tí a fi ń so ìwé pọ̀ lè di tensioner mú, okùn ike tí a fi ń so wáyà lè di ṣéènì mọ́ jíà òkè, páálí sì ni mo máa ń ya ìbòrí iwájú tó bo ṣéènì sí, tí màá fi bọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan gún ibi tó ti jáde. Bọ́ọ̀tù ìbòrí yẹn kì í gùn dọ́gba. Èyí tó gùn jù tí ẹ bá fi sí ihò kúkúrú lè là á.

Títú rẹ̀ kò le. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ yọ okùn bátìrì, ẹ da ọ́ìlì àtijọ́ nù, ẹ yọ fáànù bẹ́lítì, ìbòrí òkè àti gbogbo púlọ́ọ̀gì, kí ẹ́ńjìnnì lè rọ̀ láti fọwọ́ yí. Bí ìjókòó ẹ́ńjìnnì bá wà lójú ọ̀nà, ẹ fi jáàkì gbé ẹ́ńjìnnì díẹ̀ kí ẹ tó tú u, ẹ fi pákó sáàárín kí àwo ọ́ìlì má bàa tẹ̀. Bọ́ọ̀tù púlì crankshaft nìkan ló máa bá yín jà. Àwọn kan máa ń fi ọ̀pá gùn lé e, tí wọ́n á wá ṣíná kí sítátà lè já a. Ọ̀pá yẹn lè fò lu èèyàn, ẹ má dán an wò. Ẹ wá irin tó ń di púlì mú. Kí ẹ sì wo ìwé kí ẹ tó tú u: lórí ẹ́ńjìnnì kan, bọ́ọ̀tù yẹn nìkan ló di jíà ìsàlẹ̀ mú. Bí ẹ bá tú u láìkọ́kọ́ ti camshaft àti crankshaft pa, táímíìnì ti lọ nìyẹn.

Kí ẹ tó ṣí ìbòrí iwájú, ẹ gbé písítìnnì sílíńdà kìíní dé òkè pátápátá. Crankshaft máa ń yí lẹ́ẹ̀mejì kí camshaft tó yí lẹ́ẹ̀kan, ìdí nìyẹn tí písítìnnì fi ń dé òkè lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ló sì jẹ́ èyí tí a ń wá, ìyẹn ibi tí fáàfù sílíńdà kìíní ti pa dé. Àmì camshaft ló máa sọ èyí tó jẹ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀.

Ibi tí mo ti ń rí àwọn èèyàn tó ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ la dé yìí. Wọ́n á tú ṣéènì, wọ́n á rí i pé àmì ìsàlẹ̀ yà díẹ̀, wọ́n á wá fi ọ̀pá yí crankshaft láti tún un ṣe. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì òde òní, ibì kan náà ni fáàfù àti písítìnnì ń lò, àsìkò ni wọ́n fi ń yàgò fún ara wọn, ṣéènì ló sì ń pa àsìkò yẹn mọ́. Bí ṣéènì bá ti kúrò, ẹni tó bá yí ọ̀kan láìyí èkejì á fi písítìnnì gbá fáàfù, fáàfù á sì tẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ kan á di títú ẹ́ńjìnnì dé orí. Tí ṣéènì bá ti wà nílẹ̀, ẹ má yí ohunkóhun àfi bí ìwé bá ní kí ẹ yí i, bó sì ṣe wí ni kí ẹ ṣe. Camshaft náà lè fúnra rẹ̀ ta nígbà tí ẹ bá ń yọ ṣéènì, torí sípíríǹgì ń tì í. Ibi onígun mẹ́fà tó wà lára ọ̀pọ̀ camshaft ni kí ẹ fi sípánà dì mú.

Ṣéènì tuntun ní àwọn ojú ṣéènì (link) tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ọ̀tọ̀. Ọ̀kan á bọ́ sí àmì jíà ìsàlẹ̀, ìyókù á bọ́ sí àmì jíà òkè. Ìsàlẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀, màá wá gbé e gba ẹ̀gbẹ́ tí tensioner kò sí. Ẹ̀gbẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ nà tàn-ǹ bí ọṣán ọrun. Ọ̀dọ̀ tensioner nìkan ni kí ṣéènì ti dẹ̀. Bí ẹ bá fi dídẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, àmì á bára mu lójú, ṣùgbọ́n tí tensioner bá fà á, eyín kan á ti sún.

Tensioner máa ń wá pẹ̀lú píìnì nínú. Ẹ má fa píìnì yẹn lọ́wọ́ yín torí pé ẹ fẹ́ wò ó. Ẹ dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì ná, ẹ fi torque wrench parí rẹ̀, ẹ tún àmì wò, kí ẹ tó fà á yọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ yí crankshaft lẹ́ẹ̀mejì gbáko, síbi tí ẹ́ńjìnnì máa ń yí sí, díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá kọlu nǹkan líle, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ má fi agbára sí i. Ẹ kò lè sọ pé afẹ́fẹ́ ló ń dènà, ẹ sáà ti yọ púlọ́ọ̀gì. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mejì, àmì orí jíà gbọ́dọ̀ padà sípò. Ojú ṣéènì aláwọ̀ kò ní padà o, ó máa ń gba yíyí púpọ̀ kí wọ́n tó tún bá àmì pàdé. Mo ti rí ẹni tó tìtorí èyí tú iṣẹ́ tó dára palẹ̀.

Kí ẹ tó dé ìbòrí iwájú padà, ẹ fi àkísà di ihò tó lọ sísàlẹ̀, kí ẹ sì fi ike ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò. Ẹ má lo ẹ̀rọ tó ń yí oníyanrìn: erùpẹ̀ rẹ̀ á wọ inú ọ́ìlì, á sì jẹ bíárìn. Tí guide bá ti fọ́, ẹ sọ àwo ọ́ìlì kalẹ̀ kí ẹ fọ asẹ́ inú rẹ̀, èérún ike máa ń dí i. Gọ́ọ̀mù sìlíkónì tuntun, ìwọ̀n mílímítà 3 tó. Èyí tó bá pọ̀ jù á fún wọ inú, asẹ́ yẹn náà ló ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí gọ́ọ̀mù gbẹ tó bí ara rọ́bà rẹ̀ ṣe wí kí ẹ tó da ọ́ìlì tuntun, kí ẹ sì pààrọ̀ fílítà. Ẹ yọ fíúsì pọ́ǹpù epo, ẹ lo sítátà díẹ̀díẹ̀ títí iná ọ́ìlì á fi kú, kí ẹ tó dá fíúsì padà kí ẹ sì ṣíná. Ó lè dún díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ títí ọ́ìlì á fi kún tensioner. Bí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan bá kọjá tó ṣì ń dún, ẹ pa á. Bí kò bá dún mọ́, ẹ jẹ́ kó gbóná, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo etí ìbòrí yíká bóyá ó ń jò, ẹ pa nọ́ńbà tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò gbé jáde rẹ́, kí ẹ sì wo gééjì ọ́ìlì lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí ọkọ̀ bá ti tutù.