Bí mo ṣe lé ìpolówó kúrò lórí TV Màámi

Smart TV la rà fún Màámi nílé wa ní Basiri, Adó-Èkìtì níbí. Bí wọ́n bá ṣe tàn án báyìí, ìpolówó ọjà ló máa kọ́kọ́ yọjú, á gba ìdajì ojú TV, Màámi á tẹ rìmóòtù títí, ìgbà míì wọ́n á ṣèèṣì tẹ ìpolówó yẹn gan-an, ó wá di wàhálà. Dátà tí mo sì ń fowó mi rà ló ń jẹ, ìyẹn ló dùn mí jù.

Raspberry Pi kan wà lọ́wọ́ mi, kọ̀ǹpútà kékeré ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ju káàdì ATM lọ, mo wá fi Pi-hole, ètò kan tó ń dí ìpolówó lọ́nà, sórí ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ṣé ẹ mọ̀ pé kí TV tó rí ìpolówó gbé wá, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè àdírẹ́sì ibi tó wà, DNS nìyẹn. Pi-hole ló máa ń dáhùn báyìí, tó bá rí orúkọ tó wà nínú lísìtì àwọn onípolówó tó ní, á fún TV ní 0.0.0.0, TV ò ní ríbi lọ.

Mo fún Pi ní àdírẹ́sì tí ò ní yí padà, 192.168.1.5, mo wọ inú rúta, lábẹ́ DHCP, ìyẹn ibi tí rúta ti ń pín àdírẹ́sì fún àwọn ẹ̀rọ inú ilé, mo fi nọ́ńbà yẹn síbi DNS. Ibi tí mo ti jìyà rèé: mo fi 8.8.8.8, DNS ti Google, sí àyè kejì, mo rò pé ìgbà tí tàkọ́kọ́ bá kú nìkan ni wọ́n á lò ó. Rárá o, èyí tó bá wu TV ló ń lò, ìpolówó kàn ń yọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Odindi ọjọ́ méjì kí n tó mọ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan síbẹ̀.

Mo yọ ọ́, mo pa rúta, mo tún un tàn, mo ṣí Query Log, ibi tí Pi-hole ti ń to orúkọ tí àwọn ẹ̀rọ ń béèrè, sórí fóònù, mo ní kí Màámi tan TV. Orúkọ ń yọ tẹ̀léra tẹ̀léra, àwọn tó dí lọ́nà pupa fòò, "ads" hàn gbangba nínú òmíì. Màámi ní, "Àwọn ọlọ́jà yẹn dà lónìí?" Inú mi dùn gan-an.

Ti YouTube ò lọ o, ibi tí fídíò ti ń wá náà ni ìpolówó wọn ti ń wá.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n mú iná, àbúrò mi pariwo láti yàrá pé nẹ́ẹ̀tì ti lọ. Rúta wà lórí íńfátà, Pi ò sí níbẹ̀, kò wá sẹ́ni tó ń dáhùn DNS mọ́ nínú gbogbo ilé. Mo gbé wáyà Pi lọ sórí íńfátà kan náà, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.