Bí a ṣe ń kọ ìtàn ọ̀kadà tí wọ́n tún ṣe lọ́tọ̀

Ọ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ mú. Èyí tí èmi kọ́kọ́ mú ni Honda CG125 kan ní Òkè-Fíà, ní Òṣogbo níbí. Wọ́n ti fa fọ́ọ̀kì rẹ̀, irin méjì tó di táyà iwájú mú, gùn, wọ́n sì ti gé mọ́dígáàdì ẹ̀yìn kù bí àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń lọ, tí mo fi ń bọ̀ nídìí rẹ̀.

Kí ẹ tó bi ẹnikẹ́ni léèrè, ẹ mú téèpù. Ẹ wọ̀n ọ́n láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn. Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lọ́rùn férémù, kí ẹ ka ti ara ẹ̀ńjìnnì náà. Bí lẹ́tà tó ṣáájú wọn bá ń tọ́ka sí irú ọ̀kadà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀ńjìnnì nìyẹn. Ẹ wo abẹ́ tánkì, níbi tí ọwọ́ pántà kì í sábà dé. Pupa ni mo bá lábẹ́ àwọ̀ ewé tiwa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀bẹ họ ọ̀dà ọlọ́dà.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù rèé: ẹ mọ ohun tí ilé-iṣẹ́ ní lọ́kàn, kí ẹ lè mọ ohun tí ọwọ́ yí padà. Ìlú tí ọ̀nà rẹ̀ kò dára, tí ìtọ́jú ọkọ̀ kò sì rọrùn, ni Honda tìtorí rẹ̀ ṣe CG. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bo ṣéènì rẹ̀ pátápátá, kí eruku má bàa jẹ ẹ́. Ti Òkè-Fíà kò ní ìbòrí mọ́. Mo bi bàbá wẹ́dà tó ṣe é. Ó ní ẹni tó ni ín fẹ́ kí ṣéènì máa dán lójú àwọn èèyàn. Irú ìdáhùn yẹn gan-an ni ìtàn.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ọdún, ẹ má béèrè ọdún.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ nígbà tí ẹ ṣe é?”

“Rárá o, ọmọ mi. Ọ̀yọ́ la ṣì wà. Àkọ́bí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé ni.”

Ó ti ṣáájú oṣù kẹjọ ọdún 1991 nìyẹn. Àwòrán ọjọ́ ìwúyè tàbí ìwé-ẹ̀rí ọmọ yóò ràn yín lọ́wọ́ dé ibi tó kù.

Nínú ohun tí mo kọ́kọ́ kọ, orúkọ ẹni tó ni ọ̀kadà nìkan ni mo fi síbẹ̀. Ó dun bàbá náà, ó sì dun èmi pẹ̀lú nígbà tí mo rí ojú rẹ̀. Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kadà “Captain America” inú fíìmù Easy Rider ti 1969. Gbogbo ayé mọ ọ̀kadà náà, ṣùgbọ́n ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó máa dárúkọ Cliff Vaughs àti Ben Hardy, àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tó wà nídìí kíkọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ gba àṣẹ lẹ́nu wọn, kí ẹ wá kọ gbogbo ọwọ́ tó kàn án: wẹ́dà, pántà, ẹni tó rán ìjókòó. Ẹ ya ohun tí ẹ fojú rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n sọ fún yín.

Nígbà tí mo ka àtúnkọ náà fún bàbá, ó ní ó ku ẹnì kan: ọmọṣẹ́ tó di fọ́ọ̀kì mú nígbà tí òun ń jó o. Mo fi orúkọ rẹ̀ kún un.