Bí A Ṣe Ń Ṣe Ìwádìí Àjùmọ̀ṣe Lórí Kòkòrò Tí Apá Oògùn Kò Ká Mọ́, Lára Ènìyàn àti Ẹran Ọ̀sìn

Ẹ jẹ́ kí a gbé kòkòrò kan ṣoṣo, Escherichia coli, fún ilé àyẹ̀wò méjì. Àwọn méjèèjì wọ̀n ọ́n láti mọ bí oògùn cefotaxime yóò ṣe pọ̀ tó kí kòkòrò náà tó ṣíwọ́ bíbí sí i, àwọn méjèèjì sì rí i pé mílígíráàmù 1 nínú lítà kan ni. Ilé àyẹ̀wò ti ilé ìwòsàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé apá oògùn ká kòkòrò yìí, nítorí pé nínú ìlànà EUCAST, ìgbìmọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù tó ń gbé irú òdiwọ̀n bẹ́ẹ̀ jáde, ohun tí kò bá ju 1 lọ ṣì ṣeé fi oògùn náà tọ́jú. Ilé àyẹ̀wò ti àwọn dókítà ẹran kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti di olóríkunkun, nítorí pé òdiwọ̀n àmójútó ni wọ́n ń lò, èyí tó ń ya kòkòrò tó ṣì wà bó ṣe wà láti ilẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ti ní ọgbọ́n àtidènà oògùn, òdiwọ̀n yìí sì dúró sí 0.25. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, bí a bá kó àbájáde wọn jọ sójú kan, a ó máa kéde pé kòkòrò olóríkunkun pọ̀ lára ẹran ju ti ènìyàn lọ, nígbà tó jẹ́ pé kòkòrò kan náà ni.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé, lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìwádìí àjùmọ̀ṣe ti sábà máa ń forí ṣánpọ́n. Owó lè wà, ẹ̀rọ lè pé, ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ méjì bá fi ọ̀pá ìwọ̀n méjì wọn nǹkan kan náà, àríyànjiyàn ni wọn yóò fi parí iṣẹ́. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó tẹ̀lé e yìí ni a là sílẹ̀ kí ọ̀pá ìwọ̀n lè jẹ́ ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìdí tí a fi ń ṣe é papọ̀

Ọ̀pọ̀ oògùn apakòkòrò tí à ń fún ènìyàn àti èyí tí à ń fún ẹran ọ̀sìn, ìdílé kan náà ni wọ́n ti wá, kòkòrò kò sì mọ ààlà tó wà láàárín wọ́ọ̀dù àti ọgbà ẹran. Ìṣirò tó jáde ní 2022 fi hàn pé ní 2019, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.27 ènìyàn ni kòkòrò tí apá oògùn kò ká ṣekú pa ní tààrà káàkiri àgbáyé, àwọn tí ó sì lọ́wọ́ nínú ikú wọn tó mílíọ̀nù 4.95. Ní oṣù kọkànlá 2015, àwọn onímọ̀ ní Ṣáínà kéde jíìnì kan tí wọ́n pè ní mcr-1, èyí tó ń mú kí kòkòrò borí colistin, oògùn tí àwọn dókítà máa ń fi pamọ́ fún ìgbà tí gbogbo oògùn yòókù bá ti kùnà. Wọ́n rí i lára ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n rí i lára ẹran tí wọ́n ń tà, wọ́n sì rí i lára aláìsàn ní ilé ìwòsàn. Ká ní ilé ìwòsàn nìkan ni wọ́n wò ni, ìwọ̀nba aláìsàn díẹ̀ ni wọn ì bá rí, wọn kì bá sì mọ̀ pé inú oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń da colistin sí kí ẹlẹ́dẹ̀ lè tètè sanra. Ní 2017 ni Ṣáínà fòpin sí lílo colistin fún sísanra ẹran.

Ẹ bèèrè ohun tó ṣeé dáhùn

Ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn fẹ́ bèèrè ni pé, ṣé láti ara ẹran ni kòkòrò yìí ti ń bọ́ sí ara ènìyàn? Ìbéèrè yìí fẹ̀ jù. Ẹ gé e kúrú títí tí yóò fi ní kòkòrò kan, oògùn kan tàbí méjì, ìran ẹran kan, àwọn ènìyàn kan pàtó àti àkókò tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Bí àpẹẹrẹ: láàárín oṣù méjìlá, ṣé plasmid (òrùka DNA kékeré inú kòkòrò) tó gbé agbára àtidènà cefotaxime nínú E. coli ìfun adìyẹ bá èyí tó wà nínú ìfun àwọn tó ń tọ́jú adìyẹ náà mu ju bó ṣe bá ti àwọn aládùúgbò tí kì í dé ọgbà lọ? Ẹ kíyè sí àwọn aládùúgbò yẹn. Láìsí wọn, ìjọra èyíkéyìí tí a bá rí láàárín adìyẹ àti olùtọ́jú lè jẹ́ ohun tó gba gbogbo àgbègbè kan.

Fún ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti òfìfo, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbé ìlànà kan jáde ní 2021 tí wọ́n pè ní Tricycle. Ó mú kòkòrò kan ṣoṣo, E. coli tó ń ṣe èròjà ESBL, èyí tó máa ń já oògùn bíi cefotaxime sí wẹ́wẹ́, ó sì ń wá a ní ọ̀nà mẹ́ta: lára ènìyàn, nínú oúnjẹ tó ti ara ẹran wá, àti nínú omi àyíká. Mo fẹ́ràn ìlànà yìí nítorí ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Kò fẹ́ ṣe ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn tó yẹ kó jókòó, àti ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí

Dókítà, dókítà ẹran, onímọ̀ kòkòrò, onímọ̀ nípa àyíká, apòògùn àti onímọ̀ ìṣirò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí a tó kọ ètò, kì í ṣe lẹ́yìn tí a bá ti kó nǹkan jọ tán. Onímọ̀ ìṣirò ni àwọn ènìyàn máa ń pè gbẹ̀yìn, òun náà ló sì máa ń sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n kó jọ kò lè dáhùn ìbéèrè wọn.

Ẹni tí wọ́n sábà ń gbàgbé ni àgbẹ̀ ọlọ́sìn. Ẹ̀rù tó ń bà á kò ṣòro láti mọ̀: bí a bá rí kòkòrò burúkú nínú ọgbà rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ sì jáde, ta ni yóò ra ẹran lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́? Nítorí náà, ẹ fi nọ́ńbà dípò orúkọ ọgbà, kí ìwé tó so nọ́ńbà mọ́ orúkọ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, kí ó sì wà ní kíkọ sílẹ̀ pé a kò ní fi àbájáde jẹ ẹnikẹ́ni níyà. Àgbẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ kò ní sọ oògùn tó lò, bí kò bá sì sọ ọ́, ìdajì ìwádìí ti lọ.

Àdéhùn láàárín àwọn olùwádìí pẹ̀lú gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó ni àkọsílẹ̀, ẹni tó ni kòkòrò tí a fi pamọ́, àti bí a ó ṣe to orúkọ sórí ìwé tí a bá tẹ̀ jáde. Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí lára ènìyàn wò kì í sábà jẹ́ èyí tó ń yẹ ti ẹran wò, nítorí náà ìwé ìyọ̀ǹda méjì ni ẹ ó wá. Bí kòkòrò yóò bá kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ẹ wo ohun tí òfin ibẹ̀ sọ lábẹ́ Àdéhùn Nagoya, àdéhùn àgbáyé lórí lílo ohun abẹ̀mí orílẹ̀-èdè mìíràn àti pípín èrè rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014.

Bí a ṣe ń mú àpẹẹrẹ fún àyẹ̀wò

Ibí ni ìwọ̀n tún ti máa ń yí sí ẹ̀gbẹ́ kan láìsí ariwo. Ohun tó ń dé ilé àyẹ̀wò ilé ìwòsàn, ara ẹni tó ń ṣàìsàn ló ti ń wá, lọ́pọ̀ ìgbà ẹni tó ti lo oògùn kan tàbí méjì tí kò sì rí ìyàtọ̀. Ohun tí à ń mú nínú ọgbà ẹran, ara ẹran tó ń jẹun tó sì ń rìn ló ti ń wá. Bí a bá fi àwọn méjèèjì wé ara wọn, aláìsàn àti ẹni tó lára le ni a fi wé ara wọn, kì í ṣe ènìyàn àti ẹran. Ẹ mú ìgbẹ́ ènìyàn tó lára le, ẹ mú ti ẹran tó lára le, ní agbègbè kan náà àti ní ọ̀sẹ̀ kan náà; bí ẹ bá fẹ́ ti aláìsàn, ẹ mú ti ẹran tó ń ṣàìsàn pẹ̀lú.

Iye tí ẹ ó mú ńkọ́? Adìyẹ tó wà nínú ilé kan náà ń jẹun pọ̀, wọ́n ń mu omi pọ̀, wọ́n sì gba oògùn pọ̀, nítorí náà ogún adìyẹ láti ilé kan kì í ṣe ogún ẹ̀rí. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ń fi 1 kún ìsọdipúpọ̀ méjì: iye ẹran inú ọgbà kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí a bá yọ 1 kúrò, àti òǹkà tó ń sọ bí àwọn ẹran ọgbà kan ṣe jọra wọn tó. Bí ẹ bá mú 20 adìyẹ nínú ọgbà kọ̀ọ̀kan, tí òǹkà ìjọra náà sì jẹ́ 0.2, yóò di 1 pẹ̀lú 19 lọ́nà 0.2, ìyẹn 4.8. Bí a bá fi 4.8 pín 200, adìyẹ 200 láti ọgbà mẹ́wàá kò wá ní ju agbára bíi 42 lọ. Ó sàn kí ẹ lọ sí ogójì ọgbà kí ẹ sì mú márùn-ún márùn-ún, bí epo ọkọ̀ tilẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Nínú ilé àyẹ̀wò

Ẹ yan ìlànà kan, EUCAST tàbí CLSI ti Amẹ́ríkà, kí ilé àyẹ̀wò méjèèjì sì dúró tì í. Wọn kò ṣeé pò mọ́ra. Páálí cefotaxime ti EUCAST, ìyẹn bébà róbótó kékeré tí a fi oògùn rin, gbé máíkírógíráàmù 5, ti CLSI gbé 30. Nítorí bẹ́ẹ̀, bí àyè tí kòkòrò kò hù sí yíká páálí bá jẹ́ mílímítà 24, lábẹ́ EUCAST apá oògùn ká a, nítorí 20 sókè ni wọ́n ń fẹ́. Lábẹ́ CLSI, àárín méjì ló wà, nítorí 26 ni wọ́n ń béèrè.

Bí EUCAST ni ẹ bá mú, báyìí ni iṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń lọ. Ẹ mú kòkòrò tó hù mọ́jú, ẹ pò ó mọ́ omi iyọ̀ títí tí ìdàrú rẹ̀ yóò fi bá 0.5 mu lórí McFarland, òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí omi kòkòrò ṣe dàrú tó. Láàárín ìṣẹ́jú 15 ni ẹ gbọ́dọ̀ fi òwú tẹ́ ẹ sórí agar Mueller-Hinton, oúnjẹ kòkòrò tó dì sínú àwo, tó nípọn mílímítà 4. Láàárín ìṣẹ́jú 15 mìíràn ni páálí oògùn gbọ́dọ̀ dé orí rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú 15 mìíràn ni àwo gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀rọ ìmóoru tó wà ní 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ẹ tó kà á lẹ́yìn wákàtí 18, kí ó má dín sí 16 kí ó má sì ju 20 lọ. Ẹni tó bá fi àwo sílẹ̀ lọ jẹun yóò rí i pé kòkòrò ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù kí oògùn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àyè náà yóò kéré, yóò sì dà bíi pé kòkòrò lágídí. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí bí agar bá nípọn jù.

Nítorí irú àṣìṣe yìí ni a ṣe ń dán kòkòrò ìdánwò tí gbogbo ayé mọ̀, E. coli ATCC 25922, wò pẹ̀lú iṣẹ́ ọjọ́ náà. Páálí cefotaxime máíkírógíráàmù 5 gbọ́dọ̀ fún un ní àyè mílímítà 25 sí 31. Bí ó bá bọ́ síta, a kì í lo iṣẹ́ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn èyí, kí ilé àyẹ̀wò méjèèjì máa fi kòkòrò ránṣẹ́ sí ara wọn láìkọ orúkọ sí i, kí a wá wò ó bóyá èsì yóò bára mu. Àti pé, ẹ máa kọ mílímítà gan-an sílẹ̀, kì í ṣe ìdájọ́ nìkan. Òdiwọ̀n lè yí padà lọ́dún tó ń bọ̀, ẹni tó kọ mílímítà yóò tún un dá lẹ́jọ́, ẹni tó kọ ìdájọ́ nìkan kò ní lè ṣe ohunkóhun sí i.

Ní ti ìwọ̀n oògùn tí a lò, àwọn oníṣègùn ènìyàn ń ka ìlò ojúmọ́ fún àgbàlagbà, àwọn ti ẹran ń ka mílígíráàmù fún kìlógíráàmù ẹran. Ẹ sọ méjèèjì di mílígíráàmù fún kìlógíráàmù ara, gẹ́gẹ́ bí àwọn àjọ ilẹ̀ Yúróòpù ti ń ṣe nínú ìròyìn àjùmọ̀ṣe wọn tí wọ́n ń pè ní JIACRA.

Kíka jíìnì, àti ohun tí kò lè sọ

Bí owó bá wà láti ka gbogbo jíìnì kòkòrò, ẹ rántí pé ọ̀nà méjì ni agbára àtidènà oògùn ń gbà rìn. Kòkòrò fúnra rẹ̀ lè ṣí kúrò lára ẹran lọ sára ènìyàn. Tàbí kí plasmid, tó ń fò láti inú kòkòrò kan sí òmíràn, gbé jíìnì náà lọ, kí kòkòrò tó gbé e dé ọ̀hún má sì jọ ti àkọ́kọ́ rárá. Ẹni tó bá wo ìjọra kòkòrò nìkan yóò ní kò sí ohun tó kọjá. Ẹ̀rọ tó ń ka DNA ní ègé kéékèèké kì í sábà lè to òrùka náà pọ̀ délẹ̀, nítorí náà ẹ fi èyí tó ń ka ègé gígùn kún un, ó kéré tán fún ìwọ̀nba kòkòrò tí ẹ fara balẹ̀ yàn.

Ìjọra kò sì sọ ẹni tó fún ta ni. Bí kòkòrò olùtọ́jú àti ti ẹlẹ́dẹ̀ bá jọ ara wọn bí ìbejì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ olùtọ́jú ló kó ti ẹlẹ́dẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òdìkejì, ó sì ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì kó o níbi kan náà. Àpẹẹrẹ tí a mú léraléra lára àwọn kan náà, pẹ̀lú ọjọ́ tí a kọ sí i dáadáa, ló lè bẹ̀rẹ̀ sí í tú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́

WHONET, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò ń lò, lè gba àkọsílẹ̀ ti ènìyàn àti ti ẹran. Kí a tó tẹ ohunkóhun jáde, ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́sìn àti àwọn tó fún yín ní àpẹẹrẹ, ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́, kí wọ́n má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Kí ẹ pín kòkòrò kọ̀ọ̀kan sí ìgò méjì nínú omi glycerol, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ènìyàn, kí èkejì wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ẹran, ní ìwọ̀n òtútù 80 sí ìsàlẹ̀ òfo, kí ẹnì kan láti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì jọ ka nọ́ńbà ara ìgò kí a tó ti ẹ̀rọ amúǹkan-tutù náà.