Ìdí Iṣan Kì Í Yára Kọ́ Ẹ̀kọ́: Àṣìṣe Àwọn Tó Ń Na Ara

Iṣan tí mò ń sọ níbí kì í ṣe èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá o. Okùn funfun tó so ẹran ara mọ́ egungun ni, irú èyí tí ẹ lè fi ìka méjì mú lẹ́yìn gìgísẹ̀ yín báyìí. Ibi tí okùn yẹn ti wọ egungun, èyí tí mò ń pè ní ìdí okùn, ni ọ̀rọ̀ wà.

Okùn rọ̀, egungun le. Kí ojú àpapọ̀ wọn má baà ya, ìpele mẹ́rin ló wà níbẹ̀: okùn fúnra rẹ̀, egungun rírọ̀ tó fara jọ ti imú, egungun rírọ̀ tó ti ń gan, kó tó wá kan egungun gidi. Ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé àárín wọn, ìyẹn ló fi ń pẹ́ kí ibẹ̀ tó yí padà.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí ẹ máa fi ẹran ara díwọ̀n rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọwọ́ yín á ti kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ tí kò kàn tẹ́lẹ̀. Ẹ má tíì yọ̀. Ọpọlọ ló kàn ti ń fara da nínà náà. Okùn kò tíì yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ka oṣù mẹ́ta, ó kéré tán, kí ẹ tó fi ẹrù ńlá kún un.

Ẹ má sì ṣe iṣẹ́ líle lójoojúmọ́. Lẹ́yìn iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, fún nǹkan bíi wákàtí 24 sí 36, ohun tó ń wó nínú okùn máa ń pọ̀ ju ohun tó ń mọ lọ. Ẹ jẹ́ kí bíríkìlà parí iṣẹ́ rẹ̀ ná.

Èyí tó ń bí mi nínú jù nìyí: egungun gìgísẹ̀ ń ro èèyàn, wọ́n á ní kó lọ dúró sí etí àtẹ̀gùn, kó sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀ kó lè nà dáadáa. Ìmọ̀ràn yẹn wúlò fún ẹni tó jẹ́ àárín okùn ló ń dùn ún, lókè díẹ̀. Tó bá jẹ́ ìdí okùn ni, bí gìgísẹ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀ ni okùn ń fún mọ́ egungun. Ẹ rò pé ẹ̀ ń nà án ni, ẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ rẹ́ ni. Ẹ fi ìka tẹ ibẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ orí egungun gan-an ló ti ń dùn, orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí ẹ dúró sí, kí ẹ máa gbé gìgísẹ̀ sókè jẹ́jẹ́, kí ẹ sì sọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́, kó má kọjá ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí egungun ìjókòó ń dùn, tó ń tẹ̀ síwájú láti fọwọ́ kan ẹsẹ̀: ìfúnpọ̀ kan náà ni.

Àwọn mìíràn á wá dùbúlẹ̀ fún oṣù méjì. Okùn tí kò ru nǹkan kan, agbára rẹ̀ ń dín kù ni. Ẹ dín ẹrù kù, ẹ má gbé e kúrò. Bí ìrora bá pọ̀ sí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ ti ṣe é jù.

Ẹ má fipá tẹ ọmọdé mọ́lẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè nà. Egungun tí okùn wọ̀ lábẹ́ orúnkún rẹ̀ kò tíì gan tán.

Ẹni tó bá sì ń lo ciprofloxacin tàbí levofloxacin, ìyẹn oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, kó fi nínà líle sílẹ̀ ná. Láti 2008 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ti ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára irú oògùn bẹ́ẹ̀ pé ó lè mú kí iṣan já. Bí ẹ bá gbọ́ “pá!” lẹ́yìn ẹsẹ̀, tí ẹ kò sì lè fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.