Ẹ Má Fi 1/48 Wọn Ìmọ́lẹ̀ fún Bolex

Ọ̀sán gangan ni mo ya fíìmù Tri-X, fíìmù dúdú-àti-funfun, àkọ́kọ́ tí mo fi sínú kámẹ́rà sinimá Bolex H16 Reflex, ṣùgbọ́n nígbà tó dé láti ibi tí wọ́n ti fọ̀ ọ́, ńṣe ló dà bí ìgbà tí òjò ṣú. Mo ti ń bínú sí ẹni tó fọ̀ ọ́. Èmi gan-an ni mo jẹ̀bi.

Mo fi mítà tí a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ sí 1/48 ìṣẹ́jú-àáyá, torí ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ nìyẹn fún fírémù 24 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Òótọ́ ni, bí shutter kámẹ́rà, ìyẹn abala tó ń yí tó ń ṣí ọ̀nà fún ìmọ́lẹ̀ dé ara fíìmù, bá ṣí ní dígírì 180. Ti Bolex yìí jẹ́ 133, ìyẹn nǹkan bí 1/65. Kò tán síbẹ̀. Dígí onígun kan wà láàárín lẹ́ǹsì àti fíìmù, tó ń bu lára ìmọ́lẹ̀ lọ fún ojú ẹni tó ń wò. Èyí tó ṣẹ́ kù ni fíìmù ń rí jẹ. Ìdí nìyí tí a fi ń fi mítà sí 1/80. Bí ẹ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má tún ṣí lẹ́ǹsì kún un nítorí dígí yẹn. Ẹ ti san gbèsè rẹ̀. Ẹ má sì gbé 1/80 lọ bá kámẹ́rà míì.

Ẹ wo ọ̀pá kékeré tí a fi ń dín ṣíṣí shutter kù pẹ̀lú. Bó bá wà ní ìdajì, ìdajì ìmọ́lẹ̀ ti lọ. Bó bá wà ní títì pátápátá, kámẹ́rà á máa dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, òkùnkùn lẹ ń yà.

Ẹ má na mítà sí aṣọ. Mítà tó ń wo ìmọ́lẹ̀ tó ta padà gbà pé àwọ̀ eérú ni gbogbo nǹkan láyé. Ẹ nà án sí agbádá funfun, á ní kí ẹ dín ihò lẹ́ǹsì kù, ojú ẹni tó wọ̀ ọ́ á wá dúdú bí èédú. Ẹ nà án sí ojú aláwọ̀ dúdú, léèsì á funfun kọjá ààlà. Èyí tó ní ìdérí funfun roboto lórí ni mo fẹ́ràn: ẹ dúró síbi tí ẹni náà wà, ẹ kọjú mítà sí kámẹ́rà, ó parí.

Bátìrì mẹ́kúrì 1.35 fóltì ni ọ̀pọ̀ mítà àtijọ́ ń lò, wọn ò sì tà á mọ́. Ẹ fi alákaláìnì 1.5 rọ́pò rẹ̀, abẹ́rẹ́ mítà á máa sọ ohun tí kò rí. Bátìrì 1.4 tí àwọn tí etí wọn kò gbọ́ dáadáa ń lò nínú ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ ló sún mọ́ ọn.

Ẹ tún rántí pé ihò tí ẹ ń gbà wòran, oòrùn náà lè gbà á wọlé lọ bá fíìmù. Bí ẹ bá ti fẹ́ gbé ojú kúrò níbẹ̀, ẹ tì í.