Bí A Ṣe Lè Yan Ibùgbé ní Ilẹ̀ Òkun: Ooru, Omi àti Òkùnkùn Òru

Ẹni tí ó bá ń múra láti kúrò ní Àbújá tàbí Èkó kí ó padà wá kọ́lé sí ilẹ̀ Òkun, ilẹ̀ Yorùbá tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kogí, yálà ní Kàbà, ní Bùnú, ní Ìjùmú tàbí ní Ìyàgbà, sábà máa ń bi ẹni tí ó ń ta ilẹ̀ léèrè ohun mẹ́ta: ọ̀nà ọkọ̀, iná mànàmáná àti ìwé ilẹ̀. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tíì tó. Bí òru oṣù Kẹta ṣe ń móoru tó nínú ilé, ibi tí àgbàrá ń gbà kọjá, bóyá kànga àdúgbò ń gbẹ, àti bí òkùnkùn òru ibẹ̀ ṣe jinlẹ̀ tó, àwọn ni yóò pinnu bóyá ara onílé yóò tù ú fún 20 tàbí 30 ọdún tí ó fẹ́ lò níbẹ̀. Nínú gbogbo wọn, òkùnkùn òru ni a kì í sábà kà sí nǹkan kan, mo sì gbà gbọ́ pé ọ̀kan lára ọrọ̀ tí ó ṣẹ́ kù sí ilẹ̀ wa ni.

Ẹ má ṣe san owó ilẹ̀ lẹ́yìn ìbẹ̀wò ẹyọ kan ní ọ̀sán. Ẹ lọ wò ó nígbà ọyẹ́, ẹ lọ wò ó nígbà tí ìjì àkọ́rọ̀ òjò ń jà ní oṣù Kẹta tàbí Kẹrin, kí ẹ sì lọ wò ó ní oṣù Kẹsàn-án nígbà tí ilẹ̀ ti mu omi yó. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ bẹ ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tí ń gbé nítòsí pé kí ó ya fọ́tò ilẹ̀ náà fún yín lọ́jọ́ tí òjò ńlá bá rọ̀. Ọjọ́ náà gan-an, kì í ṣe ọjọ́ kejì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ooru. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń ga sí i ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń tutù sí i: ní ìpíndọ́gba, ooru a máa fi nǹkan bí ìwọ̀n 6.5 dín kù lórí òṣùwọ̀n Celsius bí a bá gun òkè tó 1,000 mítà. Lọ́kọ́jà wà nísàlẹ̀ létí omi, níbi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé, ooru ọ̀sán ibẹ̀ a sì máa kọjá ìwọ̀n 35 láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin. Kàbà àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú Ìjùmú àti Ìyàgbà wà lórí ilẹ̀ tí ó fi ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan ga ju Lọ́kọ́jà lọ. Ìyàtọ̀ 300 mítà péré lè mú nǹkan bí ìwọ̀n méjì kúrò nínú ooru, ẹni tí ó bá sì ti sùn láìsí fáànù ní oṣù Kẹta mọ iyì ìwọ̀n méjì. Gíga ilẹ̀ nìkan kọ́ o. Àpáta tí ó rẹwà lẹ́yìn ilé a máa gba oòrùn sára ní gbogbo ọ̀sán, a sì máa tú ooru náà jáde lóru. Nítorí náà, ilẹ̀ tí ó fara ti àpáta pẹ́kípẹ́kí kì í tètè tutù. Àfonífojì ní tirẹ̀ máa ń tutù lóru, nítorí pé afẹ́fẹ́ tútù wúwo, ó sì ń ṣàn lọ síbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n èéfín igbó tí wọ́n bá sun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn náà yóò bá a dúró síbẹ̀ títí di òwúrọ̀. Ẹni tí ikọ́ fée ń bá jà gbọ́dọ̀ ro ti èéfín yìí ju bí ó ṣe ń ro ti ooru lọ.

Ní ti omi, ọdún 2012 àti ọdún 2022 ti la ojú wa. Lọ́dún méjèèjì, odò kún bo ilé àti ojú ọ̀nà ní Lọ́kọ́jà, ó sì dí títì tí ó lọ sí Àbújá ní agbègbè Kótón-Kárífí. Omi odò Ọya kò lè gun òkè dé Kàbà tàbí Ìsánlú, ìdí pàtàkì sì ni èyí jẹ́ láti fẹ́ràn ilẹ̀ òkè. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ìyẹn ra ilẹ̀ sí ojú àgbàrá. Omi tí ó ń ṣàn láti orí àpáta kò rí ibi rì sí, ìdí nìyí tí ó fi máa ń ya dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú agbára. Ẹ wo ara igi àti ògiri àtijọ́ bóyá ẹrẹ̀ ti fi àmì sí i. Ẹ wo bóyá iyanrìn tí omi gbé wá kó jọ sí ojú kan lórí ilẹ̀ náà. Ẹ bèèrè ohun tí kò jẹ́ kí àwọn àgbà ìlú kọ́lé síbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Àjọ NIHSA, tí ń rí sí ọ̀rọ̀ omi ní Nàìjíríà, a máa gbé àsọtẹ́lẹ̀ omíyalé jáde lọ́dọọdún, àjọ NiMet, tí ń rí sí ojú ọjọ́, a sì máa gbé ti òjò àti ooru jáde. Ó dára kí a kà wọ́n, ṣùgbọ́n agbègbè gbígbòòrò ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí, wọn kò lè sọ ti pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo.

Ọ̀gbẹlẹ̀ náà ń bẹ. Àpáta líle ni ó wà lábẹ́ ilẹ̀ wa. Inú erùpẹ̀ tí ó jẹrà lé e lórí àti ibi tí àpáta náà ti sán ni omi ń fara pamọ́ sí, èyí ni ó fi jẹ́ pé bóhòlù kan lè ní omi kí èyí tí wọ́n gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ má sì ní. Ẹ lọ wo kànga àwọn aládùúgbò ní oṣù Kẹta, kì í ṣe ní oṣù Kẹwàá. Ẹ bi àwọn àgbà tí wọ́n wà níbẹ̀ ní ọdún 1983, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà gidigidi, pé isun wo ni kò gbẹ. 30 ọdún ni àwọn onímọ̀ máa ń ṣírò kí wọ́n tó sọ irú ojú ọjọ́ tí ibì kan ní, ìrántí àgbà tí kò kúrò nílé sì máa ń gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ilẹ̀ náà sì fàyè gba ilé tí ògiri gígùn rẹ̀ kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má baà rí i jó. Ìhà ìlà-oòrùn ni ìjì àkọ́rọ̀ ti sábà máa ń wá, ibẹ̀ ni kí àwọn igi tí yóò gba afẹ́fẹ́ mọ́ páànù lọ́wọ́ wà.

Wàyí o, ó kan ọ̀rọ̀ òkùnkùn òru. Ní ọdún 2016, Fabio Falchi, onímọ̀ tí ń ṣèwádìí nípa iná òru, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àwòrán ayé jáde tí ó fi hàn pé ó ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ènìyàn ayé lọ tí ń gbé lábẹ́ ojú ọ̀run tí iná ti bà jẹ́, àti pé ìdá kan nínú mẹ́ta aráyé kò lè rí ọ̀wọ́ ìràwọ̀ funfun gbọọrọ tí ó la ojú ọ̀run kọjá (Milky Way) láti ibùgbé wọn. Ní ọ̀pọ̀ abúlé Bùnú àti Ìyàgbà, ọmọdé ṣì lè gbójú sókè kí ó rí i. Kì í ṣe ẹwà nìkan ni a ń sọ. Iná funfun tí ó mọ́lẹ̀ janjan lóru, pàápàá èyí tí àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ búlúù, máa ń dín ohun tí ọpọlọ ń tú jáde láti fi pe oorun kù. Tanátaná máa ń fi ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ wá akọ tàbí abo rẹ̀, nítorí náà ó máa ń dínkù níbi tí iná bá ti pọ̀. Bí ẹ bá rí i púpọ̀ ní òru òjò, àmì rere ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọkà bàbà àbáláyé wa máa ń dúró de ìgbà tí òru bá gùn kí ó tó yọ orí, èyí tí a bá sì gbìn sábẹ́ iná òpópónà lè pẹ́ kí ó tó gbó.

Láti dán òkùnkùn ibì kan wò, ẹ lè kọ́kọ́ wo àwòrán iná òru tí sátẹ́láìtì yà lórí lightpollutionmap.info. Àmọ́ kí ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e tán, nítorí pé ìlú tí kò ní iná lálẹ́ ọjọ́ tí sátẹ́láìtì kọjá yóò dàbí ìlú tí ó ṣókùnkùn. Fún ìdí kan náà, ẹ má ṣe lọ wo ilẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí iná kò sí. Ẹ lọ lálẹ́ tí iná wà, tí òṣùpá kò sí lójú ọ̀run, láàárín ìparí oṣù Kẹwàá sí oṣù Kọkànlá, nígbà tí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí eruku ọyẹ́ kò sì tíì bo ojú sánmà. Ẹ pa fóònù, kí ẹ dúró fún 20 sí 30 ìṣẹ́jú kí ojú tó mọ òkùnkùn lára. Àgùàlà àti òṣùpá kò ṣe é fi dán an wò, nítorí pé a lè rí wọn láàárín Èkó pàápàá. Ọ̀wọ́ ìràwọ̀ funfun yẹn ni kí ẹ wá: ní àkókò yìí, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ó máa ń na ara láti apá gúúsù-ìwọ̀-oòrùn lọ sí àríwá. Ẹ tún wo ìdìpọ̀ ìràwọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní Pleiades, tí ó ń yọ ní ìlà-oòrùn. Ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáká yẹ kí ó ka mẹ́fà nínú wọn. John Bortle, ẹni tí ó máa ń wo ìràwọ̀, ṣe òṣùwọ̀n kan ní ọdún 2001, èyí tí ó pín ojú ọ̀run sí ipele 9, láti 1 tí ó ṣókùnkùn jù lọ dé 9 tí ó jẹ́ àárín ìlú ńlá. Bí ọ̀wọ́ funfun náà bá hàn kedere, ilẹ̀ náà ṣì wà nínú ipele rere.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí ká, kí ẹ wo ẹsẹ̀ ọ̀run, ibi tí ọ̀run àti ilẹ̀ ti dàbí ẹni pàdé. Ìlú tí ó ní iná púpọ̀ yóò mú kí apá ibẹ̀ pọ́n bí ẹni pé oòrùn fẹ́ là. Ọ̀nà jíjìn ń ṣe ìrànlọ́wọ́ gan-an: bí a bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí ìlú kan, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń dà sí ojú ọ̀run wa yóò dín sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà. Lọ́kọ́jà jìnnà sí Kàbà ju 70 kìlómítà lọ, nítorí náà kò lè ba òru Kàbà jẹ́ púpọ̀. Ẹni tí ó bá ń ra ilẹ̀ lójú ọ̀nà Ọbájànà ní láti rántí pé ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ńlá kì í pa iná lóru. Bí òkè bá wà láàárín ilẹ̀ yín àti ìlú, yóò gba iná tí ì bá wọlé tààrà.

Bí ẹ bá ní láti yan ọ̀kan, ẹ fi omi ṣíwájú, kí ooru tẹ̀ lé e, kí òkùnkùn ṣe ìkẹta. Òkùnkùn tí ó jìnnà sí ilé ìwòsàn kì í ṣe èrè fún arúgbó. Ní èrò tèmi, ẹ̀yìn òkè kan nítòsí ìlú bíi Kàbà tàbí Ẹ̀gbẹ̀ dára ju inú igbó tí kò ní ọ̀nà lọ.

Mo mọ̀ pé ìbẹ̀rù ajínigbé ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbé iná ńlá sí igun ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe àsọdùn. Ṣùgbọ́n iná tí ó kọjú sí ojú ènìyàn máa ń fọ́ ọ lójú, ibi tí òjìji bá ṣú sí lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹni ibi yóò sì sá pamọ́ sí. Iná tí a dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀, tí ó ní ìdérí, tí ó sì ń tàn nígbà tí nǹkan bá mira nìkan, ń ṣọ́ ilé dáadáa jù ú lọ, aládùúgbò tí ó bá rí i tí ó tàn lójijì yóò sì mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀.

Kí ẹ tó san owó, ẹ bi ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú bóyá ilé epo tàbí iná sólà òpópónà ń bọ̀ ní àdúgbò náà. Bí iná náà bá ń bọ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n nígbà tí wọn kò tíì rà á: kí ìdérí wà lórí rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ kò fi ní lọ sókè, kí nọ́ńbà àwọ̀ tí wọ́n kọ sára gílóòbù má ju 3000K lọ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má baà sún mọ́ búlúù, kí ó sì lè dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ lẹ́yìn agogo mọ́kànlá alẹ́.